Ẹ̀yin ará Aberystwyth, kí ni wọ́n ń ta irin yẹn nípàá fún?

Adé_Etíkun: Ẹ káàárọ̀ o. Oṣù kejì mi rèé ní Wales. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń gba etí òkun kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i: akẹ́kọ̀ọ́ á rìn dé ìdí òkè tí wọ́n ń pè ní Constitution Hill, á ta irin tó wà níbẹ̀ nípàá, gbà! Á yíjú padà. Bàbá arúgbó kan tó fa ajá lọ́wọ́ náà ta á láàárọ̀ yìí, ajá ń wò ó. Ṣé ètùtù ni? Òtútù ò jẹ́ kí n dúró bèèrè.

Ìyá Bíọ́dún: Àbúrò, àṣà ìlú ni. Oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀. Èmi náà ń ta á, ọdún kẹta rèé.

Akọ̀wé: Ẹyẹ ni kó o lọ wò! Àwọn ẹyẹ dúdú kéékèèké tó ń sùn lábẹ́ ilé orí òpó tó wọnú òkun yẹn, bílẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á ṣù jáde bí èéfín. Ṣùgbọ́n má mú oúnjẹ lọ́wọ́ o. Ẹyẹ òkun ńláńlá yẹn ti já sọ́séèjì gbà lọ́wọ́ mi rí, mi ò tíì gé e jẹ.

Adé_Etíkun: Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ta á lónìí. Kánfáàsì ni mo wọ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ṣì ń ro mí. Bàbá alájá rí mi, ó ní “Bore da,” ìyẹn “ẹ káàárọ̀” lédè Welsh. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.