Ṣé sọ́fítíwíà ìṣirò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan tó láti fi ṣe ìwé VAT lábẹ́ òfin tuntun?

Oníṣọ́ọ̀bù Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ owó-orí. Ohun èlò ìkọ́lé ni mo ń tà ní Adó-Èkìtì: ọ̀dà, páànù, ìṣó, táìlì àti páìpù omi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ọmọbìnrin kan tí mo gbà síṣẹ́ ti ń bá mi bójú tó o. Mo ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, mo ń gba VAT, ìyẹn owó-orí tó wà lórí ọjà títà, lọ́wọ́ oníbàárà, mo sì ń san án fún ìjọba lóṣooṣù.

Títí di ìsinsìnyí, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle la fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ìṣó gígùn kan wà lẹ́yìn káńtà tí a máa ń gún ẹ̀dà rìsíìtì mọ́. Tó bá ti di ọjọ́ 18 tàbí 19 nínú oṣù, èmi àti akáǹtáǹtì mi á kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, a ó sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí pé ọjọ́ 21 ni gbèdéke. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀dà mẹ́rin láti Ìkẹ́rẹ́ ti pa rẹ́ débi pé a kò lè ka iye tó wà lórí wọn, torí kábọ̀nù tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n ti gbó. Mo ní láti pe oníbàárà méjì lórí fóònù kí n tó mọ iye tí wọ́n san fún mi. Ojú tì mí gan-an.

Akáǹtáǹtì mi ti wá ní kí a kúrò lórí ìwé, kí a máa lo sọ́fítíwíà ìṣirò owó tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí èmi àti òun lè jọ ṣí níbikíbi tí a bá wà. Ó ní òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò ní fàyè gba àkọsílẹ̀ jákujàku mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé sọ́fítíwíà yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwé VAT ránṣẹ́ sí ìjọba, àbí iṣẹ́ ṣì wà tí a ó fọwọ́ ara wa ṣe? Ṣé ó sì bójú mu kí ọmọbìnrin tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ máa fi fóònù rẹ̀ tẹ ọjà tí a tà sínú rẹ̀? Báwo la ó tilẹ̀ ti ṣe é lọ́jọ́ tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Akáǹtáǹtì Òkèṣà

Ẹ kú káràkátà, mà. Iṣẹ́ akáǹtáǹtì ni mo ń ṣe níbí ní Adó, oníṣòwò bíi tiyín ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Sọ́fítíwíà ìṣirò owó lọ́tọ̀, ojú òpó ìjọba lọ́tọ̀. Láti ọdún 2021 tí FIRS, àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀, ti gbé ojú òpó TaxPro Max jáde ni ìwé VAT ti kúrò ní ohun tí à ń gbé lọ sí ọ́fíìsì. FIRS yẹn ló di Nigeria Revenue Service báyìí, lábẹ́ òfin mẹ́rin tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ohun tí sọ́fítíwíà bíi QuickBooks, Zoho Books, Sage àti àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò bá yín ṣe ni pé wọn yóò ro VAT tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà pọ̀, wọn yóò yọ èyí tí ẹ̀yin náà ti san fún àwọn tí ẹ rajà lọ́wọ́ wọn, wọn yóò sì fi èyí tó kù hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tàbí akáǹtáǹtì yín ni yóò wọ ojú òpó ìjọba, tí yóò fi iye yẹn síbẹ̀, tí yóò sì sanwó kí ọjọ́ 21 tó kọjá. Ẹni tí kò bá fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, òfin tuntun bu 100,000 náírà lé e fún oṣù àkọ́kọ́, ó sì fi 50,000 náírà kún un fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Ẹ ó ti máa gbọ́ nípa rìsíìtì orí ẹ̀rọ tí ìjọba fẹ́ máa fọwọ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti àmì QR. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló kọ́kọ́ kàn, ìyẹn àwọn tí ọjà wọn tó bílíọ̀nù 5 náírà lọ́dún sókè. Kò tíì kan irú ṣọ́ọ̀bù yín. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń yan sọ́fítíwíà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é bóyá ó lè so mọ́ ètò náà, kí ẹ má baà ní láti kó ẹrù yín kúrò nínú rẹ̀ nígbà tó bá kàn yín. Ẹ béèrè bákan náà bóyá náírà tàbí dọ́là ni wọn yóò máa gbà lóṣooṣù, nítorí mo ti rí ẹni tó pa tirẹ̀ tì láàárín ọdún torí pé dọ́là gbówó lórí.

Ní ti Ìkẹ́rẹ́, ó bójú mu, ó tilẹ̀ pọn dandan. Ẹ má ṣe fún ọmọ yẹn ní pásíwọ́ọ̀dù tiyín. Ẹ ṣí ààyè tirẹ̀ fún un, èyí tó lè fi tẹ ọjà tó tà àti owó tó gbà, tí kò lè fi pa ohunkóhun rẹ́, tí kò sì ní lè rí ìwé owó oṣù tàbí èrè yín. Sọ́fítíwíà tó dáa máa ń fi hàn ẹni tó tẹ nǹkan àti ẹni tó yí i padà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ìyẹn ń dáàbò bo òun náà, torí kò sẹ́ni tí yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn sí i lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kí ó kọ rìsíìtì sínú ìwé tí nọ́ńbà wà lórí ojú ewé rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ wọ́n sínú sọ́fítíwíà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, pẹ̀lú ọjọ́ gan-an tó ta ọjà náà àti nọ́ńbà rìsíìtì náà. Kó má fi ọjọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọjà tí a tà ní ọjọ́ 31, tí a wá tẹ̀ ní ọjọ́ 2 pẹ̀lú ọjọ́ 2, ti bọ́ sínú VAT oṣù mìíràn nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú pé sọ́fítíwíà kì í bá ènìyàn rántí ọjà tí kò kọ sílẹ̀. Ìdààmú ọjọ́ 19 tí ẹ sọ yẹn, lójú káńtà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí tábìlì akáǹtáǹtì. Bí ẹ bá gbé sọ́fítíwíà wọlé tí ẹ ṣì ń gún rìsíìtì mọ́ ìṣó títí di ọjọ́ 18, tábìlì nìkan lẹ pààrọ̀.

Ìyá Ọlọ́jà Ìkọ̀lé

Gbogbo ohun tí akáǹtáǹtì wí ló dára, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí n kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi ṣe ìṣirò ló bá mi ṣí sọ́fítíwíà náà, ímeèlì tirẹ̀ ló sì fi ṣí i. Èmi kò kà á sí nǹkankan, torí iṣẹ́ rẹ̀ dá mi lójú. Nígbà tó ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ yí padà, ìwé mi ti oṣù mọ́kànlá sì wà níbi tí ọwọ́ mi kò lè tó o. Àwọn tó ni sọ́fítíwíà ní ẹni tó ni ímeèlì ni àwọn mọ̀. Inú státímẹ́ǹtì báńkì àti rìsíìtì la ti tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méje.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ímeèlì ilé-iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi ṣí i, kí nọ́ńbà fóònù tiyín sì wà níbẹ̀. Akáǹtáǹtì ni kí ẹ pè wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò. Lóṣooṣù, ẹ sọ ìwé ọjà títà, ìwé ọjà rírà àti ìwé VAT kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sínú fíláàṣì. Ọdún mẹ́fà ni òfin ní kí a fi tọ́jú àkọsílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé-iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwíà yóò ṣì wà nígbà náà.

Ọmọ Ìdó ní Leeds

Mo kí gbogbo ilé. Ibí ni mo ti ń ṣòwò, a sì ti la irú èyí kọjá. Making Tax Digital ni wọ́n pè é, ìyẹn kí a máa fi ẹ̀rọ ṣe àkọsílẹ̀ owó-orí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún VAT àwọn tí ọjà wọn ju 85,000 pọ́ùn lọ́dún, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó kan gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún VAT. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2026, ó tún kan oníṣẹ́ ara ẹni àti onílé tí owó tó ń wọlé fún wọn ju 50,000 pọ́ùn lọ. Ní tiwa, sọ́fítíwíà náà ló ń bá ojú òpó HMRC, àjọ owó-orí ìlú ọba, sọ̀rọ̀ tààrà, òfin kò sì fẹ́ kí a máa fọwọ́ da iye owó kọ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé àwọn tó jìyà jù lọ́dọ̀ wa ni àwọn tó dúró di oṣù tí òfin kàn wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń kọ ọjà rẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan tó o láti yí padà. Bí ètò ìjọba ní Nàìjíríà bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹ̀yin tí ẹ bá ti wà lórí rẹ̀ kò ní sáré.

Oníṣọ́ọ̀bù Adó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ojú mi ti là sí i. Ìyá Ọlọ́jà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Mo ti pe akáǹtáǹtì mi lálẹ́ àná pé ímeèlì ilé-iṣẹ́ la ó lò.

Ìbéèrè kan ló kù. Iye tí mo ń sọ fún oníbàárà, VAT ti wà nínú rẹ̀. Tí mo bá ní páànù yìí jẹ́ 215,000 náírà, gbogbo rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní fi nǹkan kan lé e. A wá dán sọ́fítíwíà kan wò, ó sì sọ fún wa pé VAT rẹ̀ jẹ́ 16,125. Iye yẹn kò jọ ti ìwé wa.

Akáǹtáǹtì Òkèṣà

Ẹ kú àkíyèsí, mà. Ìwé yín ló tọ̀nà. Sọ́fítíwíà náà rò pé iye ọjà lásán ni 215,000, ó sì mú ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí VAT ti wà nínú rẹ̀, ṣe ni ẹ ó pín 215,000 sí 107.5, kí ẹ wá fi 7.5 sọ ohun tó bá jáde di púpọ̀. Yóò fún yín ní 15,000, ọjà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ́ 200,000. Ní orí páànù kan ṣoṣo, 1,125 náírà lẹ ìbá fi san lé e láti inú àpò ara yín. Ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ẹ ti máa yàn pé VAT ti wà nínú iye ọjà. Ẹ yàn án kí ẹ tó tẹ ọjà kankan sí i.

Bí ẹ bá sì ra páànù yẹn ní 160,000 lọ́wọ́ ẹni tó gba VAT 12,000 lọ́wọ́ yín, tí rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, 3,000 péré lẹ ó san fún ìjọba lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí rìsíìtì ọjà tí ẹ rà fi ṣe pàtàkì bíi ti èyí tí ẹ tà. Ẹ máa fi fóònù yàwòrán rẹ̀ sínú sọ́fítíwíà lọ́jọ́ tí ọjà bá wọlé, kó tó pa rẹ́.

Ẹ ṣọ́ owó POS náà. Tí oníbàárà bá san 20,000 tí 19,900 wọ báńkì, 20,000 ni ọjà tí ẹ tà. 100 tó kù, owó iṣẹ́ báńkì ni, ibi tirẹ̀ lẹ ó sì kọ ọ́ sí. Owó-orí òṣìṣẹ́ yín kò sí lára èyí rárá, EKIRS, àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ Èkìtì nílé yìí, lẹ ń san ìyẹn fún, ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni gbèdéke rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀ ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé àtijọ́ àti sọ́fítíwíà jọ rìn fún oṣù kan, kí ẹ sì fi iye méjèèjì wéra ní ọjọ́ 15, nígbà tí àyè ṣì wà láti wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Nígbà tí ẹ bá ti fi ìwé VAT oṣù kan ránṣẹ́ tán, ẹ ti oṣù náà pa nínú sọ́fítíwíà kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kó rìsíìtì mẹ́ta wá sí ọ́fíìsì mi, kí a jọ tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ààyè fún ọmọ yín ní Ìkẹ́rẹ́.