Mọ́tò ò fà mọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mọ́tò mi, onídísẹ́ẹ̀lì, kò níṣòro nígboro. Àmọ́ tí mo bá ń gun òkè lórí M62, ọ̀nà márosẹ̀ wa, tí mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè kọjá lára tírélà, kò ní fà mọ́ rárá, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn. Tí mo bá pa á, tí mo tún un tàn, ara ẹ̀ á yá. Mẹkáníìkì ní àfi kí n ra turbo tuntun. Owó tó pè, ẹ̀rù bà mí.

Bàbá Onímọ́tò (Birmingham): Ẹ má tíì sanwó o. Kóòdù wo ni kọ̀ǹpútà mọ́tò gbé jáde?

Ìyá Ìbejì: P0299.

Bàbá Onímọ́tò: Mo fura. Ohun tí kóòdù yẹn ń wí ni pé afẹ́fẹ́ tí turbo ń tì wọnú ẹ́ńjìnnì ò tó èyí tí kọ̀ǹpútà ń retí. Kò sọ pé turbo ti kú. Afẹ́fẹ́ náà lè máa jò dànù lọ́nà, kí kọ̀ǹpútà sì dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá rọ́bà dúdú ńlá tó ti ara turbo lọ sí intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù), àtèyí tó tibẹ̀ lọ sẹ́ńjìnnì. Ẹ fọwọ́ ra abẹ́ wọn dáadáa, ibi tójú ò tó gan-an ló sábà máa ń là. Ibi tí òróró bá ti rin síta, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fura síbẹ̀. Ẹ wo kílíìpù náà. Ṣé ẹ ń gbọ́ fùùù tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni! Èéfín dúdú náà ń jáde. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n yọ DPF, asẹ́ tó ń gba èéfín dúdú, dànù.

Bàbá Onímọ́tò: Onítọ̀hún fẹ́ kó bá yín. Láti 2014 ni mọ́tò tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ ti ń fìdí rẹmi ní MOT, àyẹ̀wò mọ́tò tí ìjọba ń béèrè ní UK.

Àbúrò Houston: Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò ní turbo, epo bẹntiróòlù ló ń lò. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú.

Bàbá Onímọ́tò: Tìẹ yàtọ̀. Tó bá ti ń ṣẹ́jú, má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Epo tí kò jóná ń lọ sínú catalytic converter, ohun tó ń mú kí èéfín má léwu púpọ̀, yóò sun ún bàjẹ́. Plug àti coil, àwọn tó ń ṣáná sí epo, ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ìyá Ìbejì: Mo rí i o! Abẹ́ ló ti là, ó gùn tó ìka mi. Ṣé kí n fi téèpù wé e?

Bàbá Onímọ́tò: Téèpù lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò lè gbé yín gun M62. Ẹ ra rọ́bà tuntun àti kílíìpù ẹ̀, kí wọ́n sì pa kóòdù náà rẹ́. Tó bá tún yọjú, rọ́bà tín-ín-rín tó ń darí turbo ló kàn.