Agbòjò àti ìjì: kí lojú yín ti rí, kí lẹ sì fẹ́ kí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀?

Ìyá Olùkọ́, Òṣogbo

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ìjì tó ń ṣáájú rẹ̀ kò sì dá agbòjò ẹnikẹ́ni sí. Ẹ wo òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń da ìdọ̀tí nílé ẹ̀kọ́ wa: agbòjò ni gbogbo ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló yọ egungun síta. Nǹkan tó ti wà láyé tipẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí kò tíì gbọ́n? Ẹ jọ̀wọ́, kí lojú yín ti rí lọ́wọ́ agbòjò? Ọgbọ́n wo lẹ dá sí i, tàbí kí lẹ fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é yí padà? Ìrírí la fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ polówó ọjà, kó gba ibòmíràn lọ.

Oní-POS Ìwó Road

Ẹ ṣé, màmá. Tèmi kì í ṣe agbòjò ọwọ́, èyí ńlá tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ṣòwò ni. Oòrùn ló ń bá jà láàárọ̀, òjò ló ń bá jà nírọ̀lẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ló pín in fún wa, wọ́n kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fún un, ike tí wọ́n ní ká máa rọ omi sínú rẹ̀, kò lè kojú atẹ́gùn Ìwó Road. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni gbogbo wa gbà lọ. A gba ògbólógbòó táyà, a ri páìpù irin mọ́ àárín rẹ̀, a po sìmẹ́ǹtì mọ́ òkúta, a dà á sí i. Bí ìdí ṣe wá le tán, orí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Atẹ́gùn tó bá ti wọ abẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde ni. Tí kò bá rí ọ̀nà, aṣọ á ya tàbí ọ̀pá á tẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀ ló ní kí n gbé e wá. Ó gé òkè rẹ̀ yíká, ó dá ihò sí i. Ó wá mú aṣọ mìíràn tó fẹ̀ ju ihò náà lọ dáadáa, ó fi bò ó lókè. Ojú egungun nìkan ló rán an mọ́, kò fi abẹ́rẹ́ kan àárín wọn rárá. Òjò tó bá rọ̀ á ṣàn lórí aṣọ òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, kò ní rí ihò wọ̀. Atẹ́gùn ní tirẹ̀ á gba àárín aṣọ méjèèjì jáde, ẹ ó kàn máa rí aṣọ òkè tó ń gbéra, tó tún ń balẹ̀.

Àwọn tá a jọ ń jókòó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní mo rí agbòjò gbà lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá lọ dá a lu. Ìjì kan ló jà lọ́jọ́ kan, ó gbé tiwọn dé ojú títì, ọ̀kan há sábẹ́ ọkọ̀ akérò. Tèmi dúró. Láti ọjọ́ náà ni télọ̀ wa ti ń rí owó agbòjò gbà. Tí òjò bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, ìrì díẹ̀ máa ń ta sí èèyàn lára, mi ò sì ka ìyẹn sí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ fáwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù tipẹ́. Ṣé aláte kì í ṣe èèyàn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ, Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, télọ̀ yín yẹ kó wá máa kọ́ wa ní kíláàsì. Atẹ́gùn tó bá gba orí agbòjò kọjá máa ń yára ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn á sọ agbára tó ń tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ di kékeré, ló bá fẹ́ fò. Tí èyí tó wà lábẹ́ bá tún tì í, méjì ti pa pọ̀ nìyẹn. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe tò ó: tí agbára bá ti òkè wá, àwọn apá kékeré inú rẹ̀ á gbé egungun ró. Tó bá ti ìsàlẹ̀ wá, aṣọ nìkan ló kù tó ń di egungun mú. Ìdí nìyẹn tó fi ń yí padà.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dán an wò. A di oríṣiríṣi agbòjò mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, a gba ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, awakọ̀ ń pe iye tí ọkọ̀ ń sá. Èyí tó ní egungun irin ló kọ́kọ́ yí, kò sì padà bọ̀ sípò nítorí irin tó bá ti tẹ̀, ó tẹ̀ náà nìyẹn. Èyí tó ní egungun fibreglass, ìyẹn ike tí wọ́n fi òwú gíláàsì mú le, náà yí, ṣùgbọ́n bá a ṣe dẹ eré sílẹ̀, a tì í, ó padà bó ṣe wà. Nínú tèmi, kí agbòjò mọ bó ṣe máa yí kó sì padà dára ju kó máa ṣagídí títí á fi ṣẹ́.

Ní Netherlands, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Delft, Gerwin Hoogendoorn, gba ọ̀nà mìíràn. Agbòjò tó ń bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló sú u. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tí iwájú rẹ̀ kúrú tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, kí atẹ́gùn lè máa yọ́ kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006. Wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn lù ú dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Senz ni wọ́n ń pè é. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí o.

Nọ́ọ̀sì Sheffield

Èmi ti fọwọ́ kàn án, àbúrò. Mo ní ọ̀kan. Òótọ́ ni pé kì í yí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ará Delft kò rò: gèlè.

Àwọn òyìnbó tó yí mi ká níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wàhálà agbòjò, jákẹ́ẹ̀tì tó ní fìlà lẹ́yìn ni wọ́n ń wọ̀. Òkè pọ̀ ní Sheffield, atẹ́gùn máa ń yọ síni láti gbogbo kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sunday, ta ni máa fi fìlà jákẹ́ẹ̀tì bo gèlè tí wọ́n ti wé fún un láti ìdájí? Agbòjò la máa gbé. Èyí tí iwájú rẹ̀ kúrú yìí, iwájú gèlè ló ń rẹ. Mo wá ń gbé e sẹ́yìn-sẹ́yìn, kí apá tó gùn wà níwájú. Ẹ ò ní rí ìyẹn nínú ìwé tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀.

Èkejì ni ẹnu egungun. Ó máa ń há mọ́ gèlè, ó sì lè gún èèyàn lójú. Ọkùnrin ará New Zealand kan, Greig Brebner, tó ga dáadáa, ló ń rìn láàárín èrò ní London tí ẹnu agbòjò àwọn tó kúrú sí i ń dojú kọ ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ronú kan èyí tí wọ́n ń pè ní Blunt, tí ẹnu egungun rẹ̀ wà nínú àpò kékeré roboto, kò lè gún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lò ó. Owó rẹ̀ ga, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun ni mo máa rà tí Senz mi bá lọ.

Ẹ tún gbọ́. Ìlú kan wà nítòsí wa, Stocksbridge. Bàbá arúgbó kan tí mo tọ́jú, tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ibẹ̀ rí, ló fi yé mi pé Samuel Fox tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló gbé egungun agbòjò onírin tí wọ́n tẹ̀ ní ìrísí U jáde, ní 1852. Kó tó dìgbà náà, nǹkan tó ń hù lẹ́nu àbùùbùtán ni wọ́n fi ń ṣe egungun rẹ̀, ó sì wúwo. Ẹ yọjú wo agbòjò irin tó wà nílé yín báyìí, ẹ máa rí kòtò tó wà láàárín egungun rẹ̀. Iṣẹ́ Fox nìyẹn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń le ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹlẹbẹ lọ.

Ọlọ́kadà Ṣàgámù

Ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń so agbòjò ńlá mọ́ ọ̀kadà kí wọ́n jáwọ́. Mo so ó rí. Tí tírélà bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, á fà ọ́ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Mo ti tú u. Kò sí àtúnṣe kankan tí ẹ lè ṣe sí ìyẹn.

Èrò Ọkọ̀ Ọ̀ṣòdì

Ohun tó ń dùn mí ò ju omi ara rẹ̀ lọ. O ti bọ́ lọ́wọ́ òjò, o wọ dánfó, agbòjò rẹ wá ń ro sára ṣòkòtò ẹni tó jókòó tì ọ́, òun náà wá ń wò ọ́ bíi pé ìwọ lo rọ òjò. Mo rí èyí tó ń pa dé sódì, tí ibi tó tutù á wọnú, tí ibi tó gbẹ á wà níta. Jenan Kazim ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀, Hiroshi Kajimoto ní Japan náà ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní mọ́tò máa gbádùn rẹ̀, torí ó lè ṣí i láàárín ìlẹ̀kùn tí kò tíì ṣí tán. Èmi tí mò ń wọ ọkọ̀ èrò ńkọ́? Èyí tí mo rí gùn, kò wọ báàgì. Náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ni mò ń lò. Bí mo bá ti ń gorí ọkọ̀, mo ti ki agbòjò bọ inú rẹ̀.

Ìyá Àfín, Abẹ́òkúta

Òjò nìkan lẹ ń sọ. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ àfín, nítorí oòrùn la ṣe ń lo agbòjò. Agboòrùn gan-an ló ń jẹ́ nílé wa.

Mo kọ́kọ́ ń ra aláwọ̀ mèremère fún un nítorí ọmọdé ni. Dókítà awọ ara ló ní kí n wá dúdú tí aṣọ rẹ̀ nípọn. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé àwọn oníṣègùn ní yunifásítì Emory, ní Atlanta, Amẹ́ríkà, dán oríṣiríṣi wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: gbogbo èyí tí wọ́n dán wò ló dí ó kéré tán 77 nínú 100 ìtànṣán tó ń jó awọ ara, àwọn dúdú sì dí ó kéré tán 90. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ta láti ara ògiri funfun àti yanrìn kò gba òkè wá, nítorí náà fìlà àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ṣì wà lára rẹ̀.

Wàhálà tó kù ni ọwọ́. Ọmọdé kò lè gbé agboòrùn àgbà sókè láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́, kó tún gbé ìwé. Aránbàtà àdúgbò wa ló bá mi yanjú ẹ̀. Ó rán òrùka awọ méjì mọ́ okùn báàgì rẹ̀, ọ̀kan ní èjìká, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀pá agboòrùn ń wọ inú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá ṣófo. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ṣí i lórí ìlà àárọ̀. A ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe agboòrùn, ẹ ṣe èyí tó fúyẹ́, tó dúdú, tó sì ṣe é so mọ́ báàgì. Àwa tó ń wá a pọ̀.

Ìyá Olùkọ́, Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọlọ́run á bá wa wò ó. Mo ti ya ọ̀rọ̀ báàgì yìí sílẹ̀, ọmọ méjì wà nílé ẹ̀kọ́ wa tó máa wúlò fún. Kábíyèsí nìkan ni kò ní wàhálà ọwọ́, ẹlòmíràn ló ń bá wọn gbé tiwọn.

Aránbàtà Ọ̀jọ́ọ́

Mo ti ń kà á látàárọ̀. Èmi tí ẹ ń gbé òkú wọn wá bá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa wọ́n.

Atẹ́gùn kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Ìpata ni. Tí ẹ bá wo òkè ọ̀pá, níbi tí gbogbo egungun ti pàdé, wáyà tín-ín-rín kan ló so gbogbo wọn pọ̀ yíká. Wáyà yẹn ni wọ́n fi owó tó kéré jù lọ ṣe. Ẹ pa agbòjò dé pẹ̀lú omi lára, ẹ jù ú sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, omi á ṣàn lọ síbẹ̀, á dúró. Lọ́jọ́ tí wáyà bá já, egungun á tú ká, ẹ ó ní ìjì ló bà á jẹ́. Mo máa ń fi wáyà bàbà tí mo tú lára kọ́ìlì iná pààrọ̀ rẹ̀. Bàbà kì í ní ìpata bíi ti irin.

Èkejì ni òwú tó so aṣọ mọ́ ẹnu egungun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn á sọ odidi agbòjò nù nítorí rẹ̀.

Àwọn tó ń fò ṣí fúnra wọn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ má gbé wọn wá bá mi mọ́. Sípíríǹgì inú rẹ̀ lágbára, ó lè fò sí aránbàtà lójú, kò sì sí ohun tá a fẹ́ tú níbẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn tó ń ká sí mẹ́ta náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ará Jámánì kan, Hans Haupt, ló gbé agbòjò àpò jáde ní 1928, ó ṣe dáadáa, ẹ rí i gbé sínú báàgì. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí egungun bá ti ká ni ibi tó ti máa já, iṣẹ́ mi sì nìyẹn. Àtúnṣe tí èmi fẹ́ kò le: kí wọ́n fi ṣúrúù kékeré so ó, kí wọ́n yé fi nǹkan tí kò ṣe é tú kàn án pa, kí wọ́n sì máa ta egungun lọ́tọ̀.

Oní-POS Ìwó Road

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi tí mo ní kí télọ̀ dá lu yẹn, ọ̀pá apá kan ti tẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi nà án?

Aránbàtà Ọ̀jọ́ọ́

Mi ò ní nà án, ìyá. Irin tó bá ti tẹ̀ níbì kan, tí ẹ bá nà án, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́. Mo ní egungun agbòjò ńlá tí mo tú lára àwọn tí wọ́n sọ nù, ẹ wọn gígùn tiyín láti òkè dé ẹnu, ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Tí ó bá bá ọ̀kan mu, ẹ gbé e wá lọ́wọ́ àárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, àwọn oníbàtà á ti tò sílẹ̀.