Ọ̀rọ̀ JonBenét, ọmọ Boulder yẹn: ẹ wá sọ bó ṣe kan ẹ̀yin náà

Ẹ kú ilé o. Mo rí i pé wọ́n tún ti gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dìde, JonBenét Ramsey, ọmọbìnrin tí wọ́n pa sínú ilé àwọn òbí ẹ̀ ní Boulder, Colorado, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà ní 1996, tí wọn ò tíì mọ ẹni tó pa á. Oníkálukú ń sọ pé bàbá ni, ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, àjèjì ni. Màá sọ tèmi, ẹlòmíì náà kó sọ tiẹ̀.

1997 ni mo dé Denver, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni kí n máa to ọjà sí súpámákẹ́ẹ̀tì lóru. Èmi ni mo máa ń kó àwọn magasíìnì olófòófó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sanwó, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ojú ọmọ yẹn kì í wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 6, wọ́n kun ètè ẹ̀, wọ́n ṣe irun ẹ̀ bíi ti sìsí, wọ́n fi adé lé e lórí, torí wọ́n máa ń mú un lọ síbi ìdíje ẹwà àwọn ọmọdé. Tí mo bá ti gé okùn tí wọ́n fi di ìwé yẹn báyìí, èmi àtòun la máa jọ máa wo ara wa láago mẹ́ta òru. Òyìnbó mi ò tíì já gaara nígbà yẹn, àkọlé gàdàgbà ojú ìwé nìkan ni mo lè kà, ó sì tó mi láti dájọ́. Ìyá ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá bi mí lójú oorun gan-an, ìyá ẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí à ń rò nígbà yẹn. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì Kérésì 1996, Patsy Ramsey, ìyá ẹ̀, pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, pé wọ́n ti jí ọmọ òun gbé, pé òun bá lẹ́tà lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́tà wo? Ojú ìwé méjì àtààbọ̀! Ajínigbé wo ló ń jókòó kọ lẹ́tà gígùn báyẹn nínú ilé onílé? Inú páàdì ilé yẹn náà ló ti ya ìwé, máákà ilé náà ló fi kọ ọ́, owó tó béèrè, $118,000, ó sún mọ́ iye bónọ́ọ̀sì tí ọkọ ẹ̀, John, gbà níbi iṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, bàbá fúnra ẹ̀ ló lọ rí òkú ọmọ nínú yàrá kan lábẹ́ ilé, ó gbé e lọ́wọ́ gòkè wá. Àwa tá à ń to ọjà ti parí ẹjọ́ yẹn tipẹ́.

Ó wá di 2004. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, ṣubú lórí àga, apá ẹ̀ kán. Ilé ìdáná ni mo wà, bàbá ẹ̀ ló wà pẹ̀lú ẹ̀ ní pálọ̀. A gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi wá bó ṣe ṣẹlẹ̀, dọ́kítà bi wá, lẹ́yìn náà obìnrin kan tó gbé fáìlì dání wọlé, ó ní sọ́ṣíà wọ́kà lòun, ó pè mí sọ́tọ̀, ó pe ọkọ mi náà sọ́tọ̀. Mo ní aago mẹ́rin ni, ọkọ mi ní ó ti tó aago márùn-ún. Mo ní telifíṣọ̀n wà ní títàn, ó ní òun ti pa á. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa o, ta ló ń wo aago nígbà tọ́mọ ń ké? Mi ò sunkún, torí ọmọ ń wo ojú mi, mo ń rẹ́rìn-ín sí i kó má bàa bẹ̀rù. Obìnrin yẹn wo ẹ̀rín mi, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo rí bí bírò ẹ̀ ṣe ń lọ. Títí dòní mi ò mọ nǹkan tó kọ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Patsy, bá a ṣe máa ń wo ojú ẹ̀ lórí telifíṣọ̀n tá a ó máa sọ pé ẹ wo ẹkún irọ́.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Bá a ṣe ń wakọ̀ bọ̀ nílé, ọwọ́ ọkọ mi lórí sítíárín ni mò ń wò. Ọwọ́ tó ń wẹ ọmọ. Mo ní, "Dádì, báwo ló ṣe ṣubú gan-an?" A wà níbi iná pupa. Iná di gíríìnì, kò lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, kò lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n kọ̀wé sí wa pé kò sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn wa. Ẹ bá mi dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú mọ́tò yẹn ò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ.

- - -

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi ò le tó tiyín, íápíìsì ló kó bá mi. 2016 tó pé ogún ọdún, gbogbo telifíṣọ̀n ló ń ṣètò lórí ẹ̀, ti CBS ní àwọn ti fọ ohùn ìpè 911 yẹn mọ́, pé ìyá ọmọ rò pé òun ti gbé fóònù sílẹ̀ àmọ́ kò tíì já, pé tẹ́ ẹ bá tẹ́tí ẹ máa gbọ́ ohùn ẹni mẹ́ta níparí ẹ̀. Alaalẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ, mo máa dá a padà, mo máa tún gbọ́ ọ, ó sì dá mi lójú bí ẹni gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ pé ohùn ọmọdé wà níbẹ̀. Mo bá jí ìyàwó mi, mi ò sọ nǹkan kan fún un, mo ní kí lo gbọ́? Ó ní òun gbọ́ nǹkan bí ẹja tí wọ́n jù sínú epo gbígbóná. Mo wá sọ gbólóhùn tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ fún un, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó fò sókè, "Yé! Mo ti gbọ́ ọ!"

Ẹ̀rù bà mí. Torí mo ti kọ ọ́ sórí Facebook pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, ọmọ ọdún 9 lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ o, èmi tí mi ò dé Boulder rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n yẹn tó ti dàgbà pe CBS lẹ́jọ́, $750 mílíọ̀nù ló béèrè, wọ́n jọ yanjú ẹ̀ ní 2019. Ta ló máa pe èmi lẹ́jọ́? Mo kàn pa nǹkan tí mo kọ rẹ́ jẹ́jẹ́. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ti pín in.

- - -

Ẹ má bínú sí mi, èmi ò tíì kúrò níbi tí mo wà, àwọn òbí ẹ̀ ni mo ṣì ń fura sí. Ẹ ò sọ ti 1999. Grand jury, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n kó jọ kí wọ́n yẹ ẹ̀rí wò, jókòó lé ọ̀rọ̀ yẹn ju ọdún kan lọ, wọ́n dìbò pé kí wọ́n pe bàbá àti ìyá lẹ́jọ́ pé wọ́n fi ọmọ sínú ewu tó yọrí sí ikú. Alex Hunter tó jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba kọ̀, kò fọwọ́ sí i, 2013 la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ló pa á o, mo mọ̀ yẹn.

Ojú tiẹ̀ ti tì mí rí lórí ẹ̀. Oṣù kẹjọ 2006 wọ́n mú ọkùnrin kan ní Thailand tó ní òun ló ṣe é. Mo gbéra mo lọ bẹ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa tá a ti máa ń jiyàn ẹ̀ títí tá a fi ń bínú síra wa, mo ní ẹ̀yin lẹ gbà á, ìyá yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, oṣù kẹfà ọdún yẹn náà sì ni jẹjẹrẹ pa á, kò dúró gbọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní DNA ọkùnrin yẹn ò bá a mu, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo padà lọ bá ọ̀gá, mo ní ẹ dákun, ẹ dá ẹ̀bẹ̀ mi padà.

- - -

Ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ lọ gbà padà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín o. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá náà ba nǹkan jẹ́ o, ọ̀rẹ́ ń wọlé, pásítọ̀ ń wọlé, wọ́n ń nu ilé ìdáná nínú ilé tí òkú wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n rí DNA ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ lára aṣọ ọmọ náà, ìyẹn ni Mary Lacy, ẹni tó gbapò Hunter, rí tó fi kọ lẹ́tà sí bàbá ẹ̀ ní 2008 pé ẹbí ò lọ́wọ́ sí i, títí dòní àwọn kan ṣì ń jà sí lẹ́tà yẹn.

Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ni mí. Bàbá kan wà tá a sọ fún pé ọmọ ẹ̀ ti kú. Ó bi mí pé níbo lòun ti máa sanwó páàkìn. Mo júwe fún un. Ó tún bi mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, tíkẹ́ẹ̀tì páàkìn yẹn ti rin gbingbin lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní kámẹ́rà wà níbẹ̀ ńkọ́?

- - -

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rèé. Ẹni tó bi mí ní kọ̀rọ̀ bóyá ọkọ mi padà dáhùn: rárá, kò dáhùn, èmi náà ò sì tún bi í mọ́. Ọmọ yẹn ti di géńdé báyìí, nǹkan kan ò ṣe apá ẹ̀. Ìparí 2024 tí Netflix gbé fíìmù JonBenét jáde, òun náà wò ó, ó wá bá mi nílé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, nígbà yẹn, ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

Bàbá ẹ̀ wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fi rìmóòtù rẹ ohùn telifíṣọ̀n sílẹ̀.

Mo ní mi ò mọ̀, mi ò sí níbẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀, ohùn telifíṣọ̀n tún gòkè padà.