Ìmọ̀ràn yín lórí bí a ó ṣe yẹ́ àwọn àgbà sí

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ọdún 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí i, 1991 sì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. A fẹ́ fi ọjọ́ náà yẹ́ àgbà 12 sí: àwọn tó kọ́ ọmọ níwèé, tó gbẹ̀bí, tó ń parí ìjà ládùúgbò.

Àmì ẹ̀yẹ nìkan kò tó, torí orúkọ ló máa ń wà lára rẹ̀, kì í sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí a ó fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ṣáájú. Ìṣẹ́jú 45 ti tó fún ẹnì kan, kó má baà rẹ̀ wọ́n. A ó pa fáànù, a ó sì gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ẹnu, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹni tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, iwájú rẹ̀ gan-an la ó jókòó sí kó lè máa wo ẹnu wa. Igbe kíké máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni. Ìwé ìyọ̀ǹda á wà ní lẹ́tà gàdàgbà, a ó sì kà á sí wọn létí.

Ibi tó ti ń dà rú ni pé àwọn ọmọ máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ òbí wọn lẹ́nu. Báwo lẹ ṣe ń dá wọn dúró láì mú wọn bínú? Àgbà tí kò fẹ́ ká yin òun ní gbangba ńkọ́? Ẹni tí ìgbàgbé ti ń dà láàmú sì wà níbẹ̀: ṣé fọ́tò àtijọ́ la ó kọ́kọ́ fi hàn án ni, àbí irinṣẹ́ tó fi ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó là wá lọ́yẹ̀.