Kí ló gbé sẹ́ẹ̀tì kẹta lọ nínú tẹ́nìsì ẹlẹ́ni-méjì?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà tẹ́nìsì. Mo lọ wo ìdíje ẹlẹ́ni-méjì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Lagos Lawn Tennis Club, Oníkàn. Nígbà tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gba sẹ́ẹ̀tì kan (ìpín eré tí ó ní géèmù mélòó kan nínú), mo ti jókòó dáadáa de ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àfi bí adájọ́ ṣe ní kí wọ́n kà á dé 10, tí eré sì parí kí ẹni tí a rán lọ ra omi tó dé. Ṣé òfin Oníkàn nìyẹn ni?

Bàbá Olùkọ́, Yábàá: Rárá o. Láti 2006 ni ATP, ẹgbẹ́ tí ó ń darí ìdíje tẹ́nìsì àwọn ọkùnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ti ń lo òfin yìí nínú àwọn ìdíje tirẹ̀. Ikọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ ní àmì 10, tí ó sì fi méjì ju èkejì lọ, ni ó borí. Bí àmì bá di 40–40 nínú géèmù, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, ikọ̀ tí ó ń gba sáàfù (bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan) ni yóò sì yàn bóyá apá ọ̀tún tàbí òsì ni àwọn yóò ti gbà á. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tí ó ń gbá ẹlẹ́nìkan lè kópa láìjẹ́ pé ó rẹ̀ wọ́n jù, kí pápá sì tètè ṣófo fún eré tí ó kàn. Ní Wimbledon, ìdíje ńlá ti ìlú London, sẹ́ẹ̀tì kẹta ṣì wà. Kódà, títí di 2022, eré àwọn ọkùnrin lè dé sẹ́ẹ̀tì márùn-ún.

Àbẹ̀kẹ́ Sùúrùlérè: Ẹ ṣeun, Bàbá, ṣùgbọ́n òfin náà kò dùn mọ́ mi nínú. Bob àti Mike Bryan, àwọn ìbejì ará Amẹ́ríkà, jọ gba ife Grand Slam (ìdíje mẹ́rin tí ó tóbi jù nínú tẹ́nìsì) 16 nítorí pé wọ́n mọwọ́ ara wọn. Irú àmọ̀jà bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn nínú àmì 10, níbi tí sáàfù méjì tí kò wọlé ti lè kó bá ènìyàn.

Ará Èbúté Mẹ́ta: Àǹtí, èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń hàn. Ẹ wo ẹni tí ó dúró nídìí àwọ̀n nígbà tí ó bá di 40–40: yóò fi ọwọ́ sẹ́yìn, yóò dì í tàbí kí ó la àtẹ́lẹwọ́, kí ẹnìkejì rẹ̀ lè mọ̀ bóyá òun yóò sọdá tàbí òun yóò dúró. Ìgbà mìíràn, yóò lóṣòó sí àárín gbùngbùn, kí alátakò má baà mọ ibi tí òun yóò yà sí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yìn ẹni tí ó ń gbá sáàfù ni kí ẹ jókòó sí, ẹ óò rí gbogbo rẹ̀.