Ṣé eyín ni, àbí àìsàn ni?

Ìyá Fọlákẹ́, Peckham: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ọmọ mi pé oṣù márùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ọjọ́ Àìkú ni itọ́ ti ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó ń ki ìkúùkù bọ ẹnu, ó ń fa etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì pọ́n. Lánàá ó gé mi lọ́mú jẹ, díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù! Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ní eyín ni, wọ́n fẹ́ fi oògùn eyín ránṣẹ́. Ó tún yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Àbúrò mi, kú ìtọ́jú ọmọ. Itọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pípọ́n àti jíjẹ ohun gbogbo, ìyẹn jọ eyín. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o fi ìka kan èrìgì ìsàlẹ̀ níwájú. Bó bá wú tó sì le, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Méjì ìsàlẹ̀ yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n Táíwò tèmi hu tirẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ààbọ̀, ti Kẹ́hìndé di oṣù mẹ́wàá, inú kan náà ni wọ́n ti wá.

Ìgbẹ́ gbuuru ńkọ́? Má dì í ru eyín o. Ọmọ tó ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu ń kó kòkòrò àìsàn náà sẹ́nu. Èmi náà ti ṣe é rí: ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pariwo "eyín ni, eyín ni", àṣé etí ló ń dun Kẹ́hìndé. Fi tẹmómítà wò ó. Eyín kì í mú ara gbóná dé 38°C. Bí ti ọmọ oṣù márùn-ún bá dé 39°C, pe GP (dókítà àdúgbò rẹ) tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera níhìn-ín, kíá.

Bàbá Dèjì, Houston: Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba oògùn eyín kankan láti ilé. Ẹ rántí My Pikin, oògùn eyín olómi tí wọ́n tà ní Nàìjíríà ní ọdún 2008? Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀, ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ọmọ 84 ló kú. Kì í sì í ṣe ti ilé nìkan: níbí, ní ọdún 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí a má fi jẹ́ẹ̀lì tó ní benzocaine (oògùn apàrora) pa èrìgì ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì, kí a má sì fi ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ tó ń hu eyín máa ń gé jẹ sí i lọ́rùn, torí ó lè fún un pa. Aṣọ tó mọ́ tẹ́ ẹ rẹ sómi, tẹ́ ẹ gbé sínú fíríìjì, ẹ fún un kó máa jẹ ẹ́ lójú yín. Bí ìrora bá pọ̀, paracetamol ọmọdé wà ní kẹ́mísítì, wọn á sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín.

Ìyá Mojí, Dublin: Tèmi, òkè ló kọ́kọ́ hù. Ìyá ọkọ mi ò sùn lóru ọjọ́ náà! Dókítà eyín ní bó ṣe máa ń rí fún ọmọ mìíràn nìyẹn. Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ sí iléèwé báyìí, ó ń jẹ ẹran ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ìyá Fọlákẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. Tẹmómítà ka 37.6. Mo ti pe 111 nítorí ìgbẹ́ yẹn, wọ́n ní kí n máa fún un lọ́mú léraléra, kí n máa ṣọ́ bó ṣe ń tọ̀. Mo ti bẹ màmá mi pé kí wọ́n fi gààrí dí àyè oògùn náà nínú ẹrù.